Àrùn Ilẹ̀kùn Ọkàn tí Ibà Làkúrègbé Ń Fà: Bí Ó Ṣe Kan Ilẹ̀ Ìbàràpá

Àrùn ilẹ̀kùn ọkàn tí ibà làkúrègbé ń fà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun ọmọdé, ó sì máa ń parí sínú ọkàn àgbàlagbà. Ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà láàárín méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro fún òbí láti so ọ̀fun tó dun ọmọ ọdún méje mọ́ èémí tí kò délẹ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ náà di ìyá ọlọ́mọ. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń dá àìsàn yìí sílẹ̀, abẹ́rẹ́ pẹnisílìn tí kò wọ́n ló sì lè dá a dúró. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 ènìyàn ló ní i lára káàkiri ayé, ó sì ń pa nǹkan bíi 360,000 lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí.

Ìbàràpá Méje, ìyẹn Igbó-Ọrà, Ẹrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń ṣe. Ẹni tí ọkàn bá ń yọ lẹ́nu níbẹ̀, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni yóò gbà lọ kí ó tó rí dókítà tó mọ̀ nípa ọkàn ní pàtó. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kọ́ ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú ilé, kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìsọ̀ kẹ́místì ẹ̀gbẹ́ ọjà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti rọrùn jù láti dá a dúró.

Láti ọ̀fun dé ọkàn

Orúkọ kòkòrò náà ni Streptococcus pyogenes, tí àwọn oníṣègùn ń gé kúrú sí strep. Inú ọ̀fun ló máa ń gbé. Ikọ́, sísín àti itọ́ ló ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Níbi tí ọmọ mẹ́rin márùn-ún bá ti ń sùn pọ̀ sórí ẹní kan nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kún kíláàsì fọ́fọ́, ó máa ń tàn kálẹ̀ kíákíá. Ilé híhá ni àrùn yìí ń tẹ̀lé ju ojú ọjọ́ lọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn tálákà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó sì ti ń dín kù níbẹ̀ kí pẹnisílìn tó dé, bí ilé ṣe ń gbòòrò sí i tí oúnjẹ sì ń sunwọ̀n sí i.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀fun dídùn ni strep ń fà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, irú bẹ́ẹ̀ sì máa ń bá ọ̀fìnkìn àti ikọ́ rìn. Ti strep sábà máa ń dé lójijì. Ara ọmọ á gbóná, kò ní lè gbé oúnjẹ mì, bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ á wú, á pọ́n, ó lè ní ọyún, kókó á sì yọ lábẹ́ àgbọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fi omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ọ̀fun ọmọ, tàbí kí wọ́n se àgbo, tàbí kí wọ́n ní kí kẹ́místì di kápúsù oríṣi méjì mẹ́ta fún wọn. Omi oníyọ̀ kò ní aburú, ó ń mú ìrora dín kù. Kápúsù ọjọ́ méjì ni ewu wà nínú rẹ̀: ara ọmọ á fúyẹ́, ìyá á rò pé ó ti tán, kòkòrò á sì kù sílẹ̀. Gígé bẹ́lúbẹ́lú lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe dókítà kò lè lé kòkòrò yìí jáde. Ẹ̀jẹ̀ àti egbò ló ń dá kún un.

Ìtọ́jú tó péye ni abẹ́rẹ́ benzathine pẹnisílìn kan ṣoṣo, tàbí amoksisílìn fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, àyàfi bí pẹnisílìn kò bá bá ara ọmọ mu, tí dókítà yóò fi fún un ní oògùn mìíràn. Bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé láti ìgbà tí ọ̀fun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó ṣì lè dènà ibà làkúrègbé. Láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ní ìpínlẹ̀ Wyoming ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi èyí hàn kedere, ní nǹkan bí ọdún 1950. Àwọn tí wọ́n fún ní pẹnisílìn nígbà tí ọ̀fun ń dùn wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ibà náà ju àwọn tí wọn kò fún lọ. Nínú gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ní láti sọ nípa àrùn yìí, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù.

Níbi tí ìtọ́jú kò bá sí, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí strep mú lọ́fun, bóyá ẹyọ kan tàbí méjì mẹ́ta ni ibà làkúrègbé máa ń tẹ̀lé e fún, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15 ló ń mú jù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn yani lẹ́nu. Ara ti pèsè ohun ìjà láti fi pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n nǹkan kan lára kòkòrò náà jọ ohun tó wà nínú ọkàn, nínú oríkèé àti nínú ọpọlọ ènìyàn. Ara kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ mọ́, ó wá dojú ohun ìjà náà kọ ara rẹ̀.

Oríkèé ló sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Orúnkún á wú, á gbóná, kódà aṣọ kò ní ṣeé fi kàn án. Ní ọjọ́ kejì kẹta, orúnkún á rọlẹ̀, ìrora á kó lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, ìgúnpá tàbí ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lọ láìfi àbùkù sílẹ̀ ní oríkèé kankan. Àwọn ará ilé á dúpẹ́, wọ́n á sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọkàn lè ti fara gbá nínú rẹ̀ láìdun ọmọ rárá.

Àmì mìíràn wà tó ń kó ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kà á sí àìsàn. Ó lè tó oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun dídùn kí ọwọ́ àti ojú ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìjí-kìjí láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwo á máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ á bàjẹ́, yóò máa sunkún láìnídìí. Tíṣà á nà án pé ó ń ṣe màgòmágó, àwọn ará ilé á sì gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà lé ẹ̀mí jáde. Ọmọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí nílò kí a yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Àwọn ìwé ìṣègùn tún sọ nípa òrùka pupa tó ń jáde lára, ṣùgbọ́n lára ènìyàn dúdú, ó ṣòro láti rí i.

Ní ọdún 1944 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, T. Duckett Jones, kó àwọn àmì wọ̀nyí jọ sí ìlànà tí a ṣì ń lò títí di òní, tí wọ́n tún ṣe ní 2015. Ó ṣe pàtàkì kí ẹni tó ń yẹ ọmọ wò nílẹ̀ Yorùbá máa rántí àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS, tí àwọn àgbà ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde, nítorí oríkèé lè dun ọmọ tó ní in bákan náà. Kò yẹ kí a fi ojú lásán pín wọn níyà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ohun tó ń ṣe ilẹ̀kùn

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, ilẹ̀kùn rẹ̀ náà sì jẹ́ mẹ́rin. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá síwájú, ó sì ń padé kí ó má baà padà sẹ́yìn, ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Ilẹ̀kùn tí ibà làkúrègbé ń bà jẹ́ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní mitral, láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ní apá òsì. Aortic, tó wà níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lọ sí gbogbo ara, ló tẹ̀lé e. Ẹni tí ibà yìí bá ti mú rí, kò pẹ́ kó tún mú un bí strep bá tún wọ ọ̀fun rẹ̀, ìgbàkigbà tó bá sì padà wá, àpá tuntun ló ń dá sórí ti àtijọ́.

Lára ọmọdé, ilẹ̀kùn tó ti fara pa kì í padé dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á máa jò padà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpá á le, etí ilẹ̀kùn á lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀nà á sì fún. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà kọjá á máa dá ẹrù padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń rìn lọ sóko láìsinmi tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró mí lójú ọ̀nà. Kò ní lè sùn gbalaja mọ́, irọ̀rí méjì mẹ́ta ni yóò máa fi gbé orí ga. Á máa húkọ́ lóru, ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ lè bá ikọ́ náà jáde. Ẹsẹ̀ á wú, ikùn á wú. Àwọn kan á ní ikọ́ ife ni, àwọn mìíràn á ní ó tẹ oògùn ni. Oṣù tí wọ́n fi ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn yìí ni oṣù tí ìtọ́jú ìbá ti gbà á.

Bí yàrá òkè bá ti fẹ̀ jù, lílù ọkàn á dàrú, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kí ìdì kékeré kan já, kí ó sì gba inú ọpọlọ lọ. Rọpárọsẹ̀ tó bá dédé kọlu ọ̀dọ́ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó yẹ kí dókítà wo ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀. Kòkòrò àrùn tún lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wá bà lé ilẹ̀kùn tó ti bàjẹ́, pàápàá láti ẹnu tí eyín ti jẹrà. Nítorí náà, orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tí ènìyàn fi ń fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́ jẹ́ ara ìtọ́jú ọkàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 14 tí Nàìjíríà wà lára wọn, kó aláìsàn tó lé ní 3,300 jọ. Ìdajì wọn kò tíì ju ẹni ọdún 28 lọ, obìnrin sì ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ní Abẹ́òkúta tó súnmọ́ Ìbàràpá, wọ́n ṣàkọsílẹ̀ ènìyàn 452 tí ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ tó mọ́, láàárín 2009 sí 2010. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa èyí tó lé ní 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Àrùn ilẹ̀kùn tí à ń sọ yìí kò ju bíi 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Àríwá Nàìjíríà, ìpín rẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń pariwo lórí ohun tó kéré báyìí. Ọmọ àti ọ̀dọ́ ló ń mú, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé dènà pátápátá. Bákan náà, àwọn tó dé ilé ìwòsàn nìkan ni ilé ìwòsàn lè kà.

Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn sọ pé ibà làkúrègbé kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Iṣẹ́ àwọn dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn rẹ̀, UCH, wà lára ohun tó tú àṣìṣe yẹn. Lára wọn ni Asuquo Antia àti Felix Jaiyesimi, tí wọ́n tọ́jú ọkàn àwọn ọmọdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Jaiyesimi kọ̀wé nípa iye owó tí àrùn yìí ń kó lọ lọ́wọ́ àwọn ẹbí.

Aláboyún, àti ìyá ìbejì

Ibi kan wà tí àrùn yìí ti kan Igbó-Ọrà ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ obìnrin máa ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni ọkàn sì gbọ́dọ̀ tì kọjá. Bí ilẹ̀kùn mitral bá ti fún láti ìgbà èwe láìjẹ́ pé ó mọ̀, oṣù kẹfà keje oyún ni èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìgbà ìrọbí àti wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ewu rẹ̀ ga jù. Bí oyún bá jẹ́ ti ìbejì, iṣẹ́ ọkàn tún lé sí i ju ti oyún ọmọ kan lọ.

Gbogbo ayé ló mọ Igbó-Ọrà mọ ìbejì. P. P. S. Nylander, onímọ̀ ìṣègùn aláboyún ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣèwádìí níbẹ̀, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bíi 45 ló jẹ́ ti ìbejì, èyí tó ju ti Yúróòpù lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ayọ̀ ńlá ni èyí fún ìlú náà, ó sì tún di ojúṣe sọ́rùn àwọn agbẹ̀bí. Aláboyún tó bá ní èémí òun kò délẹ̀ nígbà tó bá dùbúlẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fi oyún ńlá tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò pọ̀ tó nìkan ṣàlàyé rẹ̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́ fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè bóyá oríkèé rẹ̀ ti wú rí nígbà èwe.

Iṣẹ́ abẹ

Ẹ̀rọ ìyàwòrán ọkàn, tó jọ èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún, ló ń fi bí ilẹ̀kùn ṣe bàjẹ́ tó hàn. Oògùn ń mú omi dín kù lára, ó sì ń mú kí ọkàn rọra lù, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó lè tún ilẹ̀kùn ṣe. Bí ọ̀nà mitral bá fún, wọ́n lè ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan wọlé, kí wọ́n fẹ́ bàlúù kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó ya etí ilẹ̀kùn tó lẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, iṣẹ́ abẹ ló kù, láti tún ilẹ̀kùn náà ṣe tàbí láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn ṣiṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu. Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub, dókítà ará Íjíbítì tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú ikọ̀ náà. Lónìí, ó ṣeé ṣe ní UCH, ní Èkó, àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn. Owó rẹ̀ ni ìṣòro, ó ju ohun tí ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ọdún bíi mélòó kan lè san lọ. Bí wọ́n bá sì fi ilẹ̀kùn onírin sí i, warfarin ni ẹni náà yóò máa lò títí ayé kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè. Oògùn yìí lè ṣe ọmọ inú léṣe, nítorí náà obìnrin tó ń lò ó gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lóyún. Ní 2022, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní INVICTUS fi hàn pé fún àwọn tí lílù ọkàn wọn ti dàrú nítorí àrùn yìí, irú oògùn warfarin ṣì dáàbò bo ẹ̀mí ju rivaroxaban, oògùn tuntun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lọ.

Abẹ́rẹ́ oṣooṣù, àti ohun tí Ìbàràpá ti ṣe rí

Fún ọmọ tí ibà làkúrègbé ti mú lẹ́ẹ̀kan, ìdáàbòbò ni benzathine pẹnisílìn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí mẹ́ta níbi tí ewu bá pọ̀. Yúníìtì mílíọ̀nù 1.2 ni ìwọ̀n rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì ni fún ọmọ tó kéré. Ó kéré tán, ọdún mẹ́wàá ni, tàbí títí yóò fi pé ẹni ọdún 21, èyí tó bá gùn jù nínú méjèèjì. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bàjẹ́ gan-an lè máa gbà á títí di ẹni ogójì ọdún. Abẹ́rẹ́ náà dun ni, kì í ṣe irọ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ le kò rí ìdí tí wọ́n fi ń gún òun ní ìdí lóṣooṣù, bàbá rẹ̀ náà lè má rí i. Nọ́ọ̀sì lè po oògùn tó ń pa ìrora mọ́ ọn, kí ó sì rọra fún un. Ẹ̀rù tún ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pé pẹnisílìn lè ṣòdì sí ẹlòmíràn lára. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an máa lo pẹnisílìn oníhóró dípò abẹ́rẹ́.

Ní Ùgáńdà, wọ́n fi ẹ̀rọ ìyàwòrán wo ọkàn àwọn ọmọ tí kò tíì ní àmì kankan, wọ́n rí 818 tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn, wọ́n sì fún ìdajì ní abẹ́rẹ́ oṣooṣù. Èsì tó jáde ní 2021 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méjì, ti ọmọ 3 péré ló burú sí i nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, ti 33 ló burú sí i nínú àwọn tí kò gbà á. Ní Kúbà, ní ẹkùn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pinar del Río, ètò ọdún mẹ́wàá, láti 1986 sí 1996, kọ́ àwọn ìyá, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìlera nípa ọ̀fun dídùn, ó sì ṣe ìwé orúkọ àwọn tó nílò abẹ́rẹ́. Iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ní àrùn ilẹ̀kùn ọkàn rọlẹ̀ láti 2.27 nínú 1,000 sí 0.24.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Ìbàràpá. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera ìlú sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n T. O. Ogunlesi wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń lọ gbé níbẹ̀ láti kọ́ bí ìlera ṣe rí ní ìgbèríko. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bá sòbìà jà ní Ìdèrè, tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń kọ́ aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ omi. Ní Ẹrúwà, Dókítà Oluyombo Awojobi, oníṣẹ́ abẹ tó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1986, fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ó kú ní 2015.

Ohun tí ìwé orúkọ àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ benzathine nílò kò tó èyí tí ìjà sòbìà gbà. Ìwé ńlá kan ní ilé ìlera kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ, nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó kàn, firíìjì tí iná rẹ̀ kì í kú fún irú èyí tí wọ́n ti pò sínú abẹ́rẹ́ (èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fùn kò nílò firíìjì), àti ẹnì kan ládùúgbò tí yóò lọ kan ilẹ̀kùn bí ọmọ kò bá yọjú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń darí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìpinnu pé kí orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí wà ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí pẹnisílìn tó dára sì máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí àrùn yìí wà.